Àga Morìnsọ́lá Lọ́jọ́ Orò

Àga kan wà ní sítúdíò wa ní Itamaga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú ju mẹ́ta yòókù lọ. A ti fi páálí tì í, a ti fi ìdérí ìgò tì í, kò gbọ́. Bí o bá jókòó lé e, á máa mì ọ́ bí ọkọ̀ ojú omi. Morìnsọ́lá Láwàl nìkan ni kì í mì lórí rẹ̀, nítorí ó ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé ó mọ ibi tó yẹ kí èèyàn gbé ìdí sí. Ọ̀rọ̀ àga yẹn ni mo fẹ́ sọ, torí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí kò sí níbẹ̀, wọ́n sì ń sọ ọ́ ní ìsọkúsọ.

Èmi Ṣàmsúdéènì ni mo ń di kámẹ́rà mú ní ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n náà. Ọmọ bíbí Ìkòròdú ni mí. Inú mi kì í pẹ́ bí. Ìyàwó mi ti sọ ọ́, àwọn ọ̀gá mi náà ti sọ ọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí n bínú, kó má ṣe ohun tó ń bí èèyàn nínú.

Ní gbogbo Sátidé, bí aago mẹ́wàá àárọ̀ bá ti lù, Morìnsọ́lá á jókòó sórí àga yẹn, á gbé ọwọ́ méjèèjì lé tábìlì, á ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ló wà nílé?” Orúkọ ètò náà nìyẹn, Ohun Tó Wà Nílé. Àwọn ọmọ kéékèèké ń wò ó, àwọn tó ń múra ìdánwò àṣekágbá náà ń wò ó. Òfin kan ṣoṣo ló ní, kò sì sí ọ̀gá tó lè yí i lọ́kàn padà lórí rẹ̀: kò ní gbé ohun tí ọmọ tálákà ò lè rí nínú ilé wọn sórí tábìlì. Ó bu omi eérú sínú zóbò, zóbò yí àwọ̀ padà lójú wa, ó sì fi ìyẹn kọ́ wọn ní ásíìdì. Ó so òkúta mọ́ okùn tí wọ́n ń sá aṣọ lé, ó ń fì í, ó sì fi kọ́ wọn ní ìṣirò tí àwọn ọmọ mìíràn ń sanwó lẹ́sìnnì kí wọ́n tó mọ̀. Bó bá ń kọjá ní ibùdókọ̀ Benson, àwọn ọmọ kì í pe orúkọ rẹ̀. “Àǹtí Ohun Tó Wà Nílé!” ni wọ́n máa ń ké lé e, òun náà á sì dúró dá wọn lóhùn, ìbáà jẹ́ pé òjò ń bọ̀.

Ẹ̀pẹ́ ni òfin yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ̀, Ìyá Mùlíkátù, ń yan ẹja létí ọ̀sà, ọmọ náà sì ń bá a họ ìpẹ́. Tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo ló wà ládùúgbò wọn nígbà náà, nílé ọlọ́rọ̀ kan, ojú fèrèsé sì ni àwọn ọmọ yòókù ti ń wò ó. Lọ́jọ́ kan, obìnrin ẹlẹ́wà kan jáde nínú ètò àwọn ọmọdé. Ó ní kí wọ́n mú gọ́ọ̀mù wọn, kí wọ́n mú sísọ́ọ̀sì wọn, kí wọ́n mú páálí aláwọ̀ mèremère tí dádì rà fún wọn. Morìnsọ́lá wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ìpẹ́ ẹja ló wà níbẹ̀. Ló bá pariwo wọlé látojú fèrèsé, “Ìpẹ́ ńkọ́? Kí ni kí n fi ìpẹ́ ṣe?” Wọ́n ní ó ń pariwo, wọ́n lé gbogbo wọn dànù. Ó sọ ìtàn yìí fún mi bí ìgbà mélòó kan, inú sì ń bí i ní gbogbo ìgbà bí ẹni pé àná ló ṣẹlẹ̀. Nígbà tó dàgbà tí wọ́n fún un ní ètò tirẹ̀, ìpẹ́ ẹja ló kọ́kọ́ gbé sórí tábìlì. Ó fi han àwọn ọmọ pé ìlà wà lára ìpẹ́, bí ìlà ìdí igi tí wọ́n gé, ẹni tó bá sì fara balẹ̀ kà á lè mọ̀ bóyá ẹja náà ti dàgbà.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn títí Ọ̀gbẹ́ni Fábíyìí fi dé. Ìkẹjà ni wọ́n ti gbé e wá ṣe máníjà fún wa. Ọkùnrin tó mọ aṣọ ọ́ wọ̀ ni, ó sì mọ̀ ọ́n rẹ́rìn-ín sí èèyàn kó tó gún un. Ọ̀sẹ̀ tó dé ló ti wo Ohun Tó Wà Nílé, tó sì ranjú.

“Madam Láwàl,” ó ní, “àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò fẹ́ kí ẹni tó jọ àǹtí ìyá wọn máa po eérú mọ́ zóbò níwájú wọn. Wọ́n fẹ́ kàtúùnù. Wọ́n fẹ́ ijó. Wọ́n fẹ́ ẹni tó ṣì lè fò sókè.”

“Èmi náà lè fò, sà,” Morìnsọ́lá dá a lóhùn. “Ẹ̀kọ́ ni mi ò fẹ́ fò.”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí ojú rẹ̀, mo sì mọ̀ pé ẹ̀rín yẹn ò dénú. Kò lè kàn lé e, nítorí àwọn ìyá á dà bo ilé-iṣẹ́ wa. Ohun tó ń wá ni ọ̀nà tí yóò fi dà bíi pé Morìnsọ́lá fúnra rẹ̀ ló lọ.

Ó sì rí i. Ó pè wá jọ, ó ní àwọn oníbísíkíìtì kan fẹ́ máa ṣonígbọ̀wọ́ ètò àwọn ọmọdé, wọ́n sì máa wò wá láti ọ́fíìsì wọn ní Sátidé tó ń bọ̀. “Ẹni tó bá wà lórí àga yẹn nígbà tí aago mẹ́wàá bá lù,” ó ní, “òun ló ni ètò náà. Mi ò ní gbọ́ àwáwí kankan. Mo ti sọ ọ́ níwájú gbogbo yín.” Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí Israel, ó ní kí òun náà máa múra sílẹ̀. Israel jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ọ̀ṣun tó háyà yàrá kan sí àdúgbò Agric, oníwà tútù tó ń ka ìròyìn fún wa. Ó dojú bolẹ̀.

Gbogbo wa ló mọ Sátidé yẹn. Ọjọ́ Orò ni. Ìkéde ti lọ káàkiri ìlú. Lọ́jọ́ tí Orò bá jáde ní Ìkòròdú, obìnrin kì í tẹ títì. Inú ilé ni wọ́n ń wà pẹ̀lú ilẹ̀kùn títì, títí Orò yóò fi wọlé ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn tí kò bá fẹ́ ìhámọ́ náà á ti bá ọkọ̀ lọ sí ìlú mìíràn lọ́jọ́ tó ṣáájú. Àwọn baba wa ló fi lélẹ̀, inú agbo ilé tó ń ṣe é ni wọ́n sì ti bí mi. Mi ò ní bú u, Morìnsọ́lá náà ò sì bú u rí. Ohun tó dùn mí ni pé àlejò fẹ́ mú ohun tí ìlú mi kà sí ọ̀wọ̀, kó fi ṣe ìgbálẹ̀ tí yóò fi gbá obìnrin kan dànù. Ó mọ̀. Ó mọ ọjọ́ náà dáadáa kó tó mú un.

“Mo ti gbọ́, sà,” ni Morìnsọ́lá sọ, ó sì kó ìwé rẹ̀.

Lọ́sàn-án Fúráìdé, mo bá a gbé báàgì dé ẹ̀bá títì Itamaga. Àwọn obìnrin pọ̀ níbẹ̀ ju bí wọ́n ṣe máa ń pọ̀ lọ, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn àti ẹrù lórí, wọ́n ń wá ọkọ̀ tó máa gbé wọn kúrò nílùú. Ìyá rẹ̀ ti pè é láti àárọ̀ pé kó máa bọ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Mo rò pé ó ti gbà pé ó ti pin. Inú mi bà jẹ́ débi pé mi ò lè wo ojú rẹ̀.

Ọkọ̀ kan dúró. “Ẹ̀pẹ́ kù ẹnì kan! Ẹ̀pẹ́, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ!”

Morìnsọ́lá gbé ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀. Ó dúró bẹ́ẹ̀. Ó wo àwọn obìnrin tó fún pọ̀ nínú ọkọ̀ náà, ó tún wojú ọ̀nà ilé-iṣẹ́ wa. Ló bá gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fa ìyá ọlọ́mọ kan tó wà lẹ́yìn rẹ̀ síwájú.

“Ẹ wọlé, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ lọ.”

Fóònù rẹ̀ dún. Ìyá rẹ̀ ni, ohùn màmá náà sì ga tó bẹ́ẹ̀ tí èmi náà ń gbọ́ ọ. “Morìn, ṣé o ti wà lọ́kọ̀?”

“Rárá, Màámi.”

“Ṣé ọkọ̀ ò sí ni?”

“Ọkọ̀ wà. Èmi ni mi ò wọ̀ ọ́.”

Màmá náà ní, “Àbí o fẹ́ kí wọ́n tún lé ẹ kúrò lójú fèrèsé ẹlòmíì ni?”

“Rárá o, Màámi. Lọ́tẹ̀ yìí, inú ilé gan-an ni mo fẹ́ wà.”

Ó pa fóònù, ó yíjú sí mi. “Ṣàmsú, kí ni òfin Orò wí gan-an? Ìwọ lo ni ìlú.”

“Obìnrin ò gbọdọ̀ jáde síta, kò sì gbọdọ̀ wo Orò.”

“Sítúdíò wa, ṣé ìta ni àbí inú ilé?”

Ìgbà yẹn ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Mo bú sẹ́rìn-ín lẹ́bàá títì, àwọn èèyàn ń wò mí. Oòrùn ò tíì wọ̀ nígbà tí mo bá a gbé ẹní kan, kúlà oúnjẹ kan, páálí ẹyin adìẹ tútù kan àti lailọ́ọ̀nù iyọ̀ wọlé. Ó tẹ́ ẹní sí yàrá tí a ń kó àwọn wáyà sí. Ó ti ilẹ̀kùn láti inú, mo sì lọ sílé.

Nígbà tí mo ń bọ̀ ní àárọ̀ Sátidé, àwa ọkùnrin nìkan la wà lójú títì. Àwọn ṣọ́ọ̀bù wà ní títì pa, ìlú sì dákẹ́. Ní ojú fèrèsé kan lókè, mo rí ìka ọmọdé tó sún kọ́tìnnì díẹ̀, ẹnìkan fà á wọlé kíá, kọ́tìnnì sì padà sí àyè rẹ̀. Mo ti rí irú rẹ̀ láti kékeré, mi ò sì ronú sí i rí. Lọ́jọ́ yẹn mo ronú sí i.

Ọ̀gá Fábíyìí dé pẹ̀lú Israel. Ó ti wọ fìlà elétí ehoro fún ọmọ ọlọ́mọ, ó kó bísíkíìtì sọ́wọ́ kan, ó ń fọwọ́ kejì ṣí ilẹ̀kùn sítúdíò. Ó wọlé. Ó dúró gbọnin.

Morìnsọ́lá wà lórí àga. Ó ti wẹ̀, ó ti wé gèlè, ó ti to ife omi àti ẹyin sórí tábìlì. “Ẹ káàárọ̀, sà,” ó ní, ó sì yẹ̀ díẹ̀ lórí àga náà láti kí i. Àga náà ò mì.

“Ta ló ṣílẹ̀kùn fún yín?”

“Àná ni mo wọlé, nígbà tí obìnrin ṣì ń rìn.”

“Ẹ dìde níbẹ̀.”

“Aago mẹ́wàá ò tíì lù, sà.”

Ìgbà náà ni ẹ̀rín tán lójú ọ̀gá. “Mo ní kẹ́ ẹ jáde! Ẹ jáde kúrò nínú sítúdíò mi! Ẹ jáde nísinsìnyí!”

Morìnsọ́lá dìde. Ó mú báàgì rẹ̀, ó rìn jẹ́jẹ́ gba iwájú wa kọjá, ó dé ẹnu ilẹ̀kùn àbájáde tó kọjú sí títì, ó sì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́yìn. A tẹ̀ lé e.

“Ó dáa, sà. Ẹ ṣí i fún mi. Mi ò ní fọwọ́ ara mi ṣí i. Ẹ̀yin lẹ ní kí n jáde, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ tì mí síta.”

Ọ̀gá na ọwọ́ sí ìdábùú ilẹ̀kùn. Mi ò mọ ìgbà tí ẹnu mi là. “Ọ̀gá, ọmọ ìlú yìí ni mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín kó tó pẹ́ jù. Obìnrin tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde lónìí, òun ló máa dá ìlú lóhùn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ ti obìnrin síta lọ́jọ́ Orò, àwọn àgbà á wá a wá. Ilé wa ni wọ́n sì ti máa kọ́kọ́ béèrè ibi tó ń gbé, torí wọ́n mọ̀ pé ibí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mi ò ní parọ́ fún wọn.”

Bí a ṣe dúró bẹ́ẹ̀ ni ohùn Orò dún láti ọ̀nà jíjìn, ó dún gbọọrọ, ó sì tún dákẹ́. Ọwọ́ ọ̀gá kúrò lára ìdábùú ilẹ̀kùn. Ohun tó fẹ́ fi ti Morìnsọ́lá mọ́ta ti tì í mọ́lé. Inú mi dùn, mi ò sì ní ṣe bíi pé kò dùn.

Morìnsọ́lá padà sórí àga rẹ̀.

“Ṣàmsú,” ọ̀gá pariwo, “gbé kàtúùnù sí i!”

“Lateefat ló mọ ibi tí kàtúùnù wà, ọ̀gá. Òun ló ń jókòó sídìí ẹ̀rọ, èmi ni mo ń bá a dì í mú lónìí. Ilé ló wà. Obìnrin ni.”

“Yí kámẹ́rà sí Israel, nígbà náà!”

Israel bọ́ fìlà elétí ehoro lórí. Ó rọra gbé e lé orí àga mìíràn, ó rìn lọ kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. “Àǹtí,” ó ní, “ẹ jẹ́ n bá yín di ife mú.” Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti fẹ́ràn ọmọ náà.

Aago mẹ́wàá lù. Mo tẹ bọ́tìnnì.

“Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ló wà nílé?” Ó wojú kámẹ́rà. “Lónìí, ẹ̀yin ọmọbìnrin Ìkòròdú, ẹ̀yin fúnra yín lẹ wà nílé. Wọn ò ní rán yín lọ́jà Ṣábó. Ẹ ò ní lọ pọnmi. Ẹyin wà nílé, iyọ̀ wà nílé, omi wà nílé, ẹ sì ráyè. Ẹ lọ gbé wọn wá, mò ń dúró.”

Ó dúró lóòótọ́. Mi ò rí i kí ẹnìkan jókòó jẹ́ẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n tó bẹ́ẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà ló ju ẹyin tútù kan sínú ife omi lásán. Ẹyin rì. Ó bu iyọ̀ sínú ife kejì, ó bu òmíràn, ó bu òmíràn, ó rò ó, ó sì fi ẹyin kejì sí i. Ẹyin náà léfòó, orí rẹ̀ yọ síta. Ó sọ fún wọn pé iyọ̀ ló mú omi náà wúwo, omi tó bá wúwo sì lè gbé ohun tí omi lásán ò lè gbé. Ó ní àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi lọ́dọ̀ wọn ní Ẹ̀pẹ́ mọ̀ ọ́n: ẹrù tó fẹ́ ri ọkọ̀ lórí ọ̀sà, bó bá dé orí òkun oníyọ̀, ọkọ̀ á gbé ara sókè díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kọ ìṣirò rẹ̀ sára pátákó fún àwọn tó ń múra ìdánwò.

Fóònù sítúdíò bẹ̀rẹ̀ sí í dún, kò sì dákẹ́ mọ́. Wọ́n ń pè láti Ìpakodò, láti Ìgbógbó, láti Ìjẹ̀dẹ̀. Ọmọbìnrin kan pè tó ní Ẹwàolúwa lorúkọ òun, ohùn rẹ̀ ti ń di ti àgbà.

“Àǹtí, ṣé ẹ̀yin náà wà ní títì mọ́lé bíi tiwa?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Àná ni mo ti wà níbí.”

“Ẹ ṣé,” ni ọmọ náà wí. Ojú Morìnsọ́lá kún fún omi, ó sì jẹ́ kó máa kún bẹ́ẹ̀ níwájú gbogbo ayé, kò nù ún.

Nígbà tí a parí, ọ̀gá ń dúró de wa lẹ́nu ilẹ̀kùn. “A máa sọ̀rọ̀ ní Mọ́ńdè,” ó ní.

“Ẹ ti sọ ọ́ ná, sà,” Morìnsọ́lá dáhùn. “Níwájú gbogbo wa. Aago mẹ́wàá lù, ta ló wà lórí àga?” Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ọ̀gá wò mí, mo wò ó padà. Ó wo Israel, Israel ń nu tábìlì.

Ẹ ó fẹ́ mọ ti àwọn oníbísíkíìtì. Mi ò mọ ohun tí wọ́n rò, mi ò sì béèrè. Bó bá wù wọ́n kí wọ́n wá, bí kò bá sì wù wọ́n, kí wọ́n máa jẹ bísíkíìtì wọn.

Orò wọlé ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn obìnrin ṣílẹ̀kùn, ìlú sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún padà. Ọ̀gá Fábíyìí ti wà nínú ọkọ̀ rẹ̀ nínú ọgbà, ó fẹ́ máa lọ. Èmi ni mo ṣí géètì fún un, ni mo bá rí wọn. Àwọn ọmọbìnrin ni, ńlá àti kékeré, wọ́n kún ẹnu ọ̀nà wa, oníkálukú pẹ̀lú ife tàbí ìkòkò kékeré lọ́wọ́, wọ́n rọra ń rìn kí omi má dà nù. Morìnsọ́lá ń jáde bọ̀ pẹ̀lú ẹní lábẹ́ apá. Wọ́n rí i, wọ́n pariwo, wọ́n sì dà bò ó. Ó tẹ́ ẹní náà sílẹ̀ láàárín géètì, ó jókòó lé e.

Ọ̀gá fọn fèrè ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó yà. Ó tún fọn ọ́n, ó fọn ọ́n títí. Morìnsọ́lá gbójú sókè, ó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé, “Ẹ forí jì wá, sà. Ẹ̀kọ́ ń lọ lọ́wọ́. Ẹ pa ẹ́ńjìnì ọkọ̀ yín.”

Ìgbà tó pa á ni a tó gbọ́ ohùn ọmọ kékeré kan níwájú pátápátá. Ó gbé ife rẹ̀ sókè sójú Morìnsọ́lá, ẹyin rẹ̀ wà nísàlẹ̀, omijé sì ti fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. “Àǹtí, tèmi ò dìde. Ìyá mi ní kí n dà á nù.”

Morìnsọ́lá gba ife náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì dá a padà fún un.

“Má dà á nù. Iyọ̀ rẹ ni ò tíì tó. Lọ bù kún un.”